Sìgá àti fámásì àdúgbò: ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Àbújá bí ọ̀rọ̀ oògùn tí wọ́n fi ń jáwọ́ nínú sìgá bá ti délẹ̀: "Nikotíìnì ló wà nínú sìgá, nikotíìnì náà ló tún wà nínú oògùn tí ẹ ní kí n lọ rà. Kí wá ni mo jèrè?" Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi rẹ́rìn-ín. Nítorí pé wọn ò rí ìdáhùn tó yè kooro gbà, ọ̀pọ̀ ló ń kọjá níwájú fámásì ní Wuse, ní Kubwa, ní Lugbe, tí wọn ò ní yà síbẹ̀, tí wọ́n á sì lọ bá mallam onísìgá tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ra ẹyọ kan.

Ìdáhùn náà rèé. Nikotíìnì ló ń so èèyàn mọ́ sìgá; èéfín ló ń pa á. Nǹkan méjì ni, inú páálí kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ni kò jẹ́ ká dá wọn mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí iná bá ti jó ewé tábà, èéfín tó ń jáde ní kẹ́míkà tó lé ní 7,000 nínú, nǹkan bí 70 nínú wọn ló sì ń fa jẹjẹrẹ. Ọ̀dà dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró wà níbẹ̀. Carbon monoxide náà wà níbẹ̀, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóró tó máa ń jáde lára jẹnẹrétọ̀, tí a fi ń gbọ́ pé ìdílé kan sùn lálẹ́ tí ilẹ̀ mọ́ tí wọn ò jí. Bó bá ti dénú ẹ̀jẹ̀, á gba ipò tó yẹ kí ọ́síjìn wà, ọkàn á wá máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó. Nínú ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì tàbí alẹ̀mára (ìyẹn "patch", oògùn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara) tí apòògùn ń tà, kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Nikotíìnì nìkan ló wà níbẹ̀, a mọ ìwọ̀n rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ la sì ń bù ú kù títí á fi tán.

Ọ̀rọ̀ bí nikotíìnì ṣe ń yára dé ọpọlọ tún wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá fa sìgá símú, kò ju ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 lọ tí nikotíìnì á fi dé ọpọlọ. Dídé wàràwàrà yẹn ni ọpọlọ ń gbádùn, òun ló ń sọ ọ́ di bárakú. Nikotíìnì inú ṣingọ́ọ̀mù máa ń tó nǹkan bí ìdajì wákàtí kó tó rinlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ti alẹ̀mára sì máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n kéèyàn rí ẹni tí alẹ̀mára di bárakú fún. Ṣùgbọ́n èyí ò sọ nikotíìnì di omi o. Ó ń mú kí ọkàn yára lù, ó lè ṣe ọmọdé ní ìjàǹbá gidi, aboyún ò sì gbọ́dọ̀ dá a lò láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i. Ohun tí mò ń sọ ni pé láàárín ẹni tó ń gba nikotíìnì nìkan fún oṣù mẹ́ta àti ẹni tó ń gba nikotíìnì pẹ̀lú èéfín fún ogún ọdún, ọ̀rọ̀ wọn ò jọra rárá.

Ṣé ọkùnrin ò lè fi agídí jáwọ́ ni?

Ó lè jáwọ́. Kò sẹ́ni tí ò mọ ẹnìkan tó fi ju páálí sìgá nù lọ́jọ́ kan, tí kò wẹ̀yìn wò mọ́. A máa ń sọ̀rọ̀ irú wọn dáadáa nítorí pé wọn ò wọ́pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ìgbà tí èèyàn bá gbìyànjú láti fi tábà sílẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́, nǹkan bí ìgbà 4 péré ló ń yọrí sí rere. Bí oògùn tó péye àti ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà bá wà níbẹ̀, àǹfààní yẹn á ju ìlọ́po méjì lọ. Àjọ náà ló tún sọ lọ́dún 2024 pé ó lé ní 60 nínú 100 àwọn tó ń lo tábà lágbàáyé tó fẹ́ jáwọ́. Ìfẹ́ wà. Ọ̀nà ni kò kárí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ni pé nǹkan bí wákàtí méjì síra ni nikotíìnì máa ń dínkù sí ìdajì nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó fa sìgá kẹ́yìn ní agogo mẹ́wàá alẹ́ á jí ní agogo mẹ́fà àárọ̀, á bá ara rẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ nikotíìnì. Ìyánhànhàn á bẹ̀rẹ̀. Orí fífọ́, ìbínú tí kò nídìí, àìlèfọkànsí iṣẹ́, ebi tí kò ṣeé ṣàlàyé, àìróorunsùn, ìgbẹ́ tó há. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù, lẹ́yìn ìyẹn á máa rọlẹ̀, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó kúrò. Ẹlòmíràn á tún máa húkọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ẹ̀dọ̀fóró ti ń jí, ó ń gbá ìdọ̀tí tó ti ń kó jọ dànù.

Ibí ni àṣìṣe ńlá kan ti ń wáyé láàárín wa. Ọkùnrin tó ti ń mu sìgá láti ọjọ́ tó ti wà ní Kaduna títí tó fi kó wá sí Nyanya á jáwọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ikọ́ á bá a, ara á máa gbóná mọ́ ìyàwó àtọmọ, á wá ní, "Ẹ ò rí i, ara mi ti mọ́ ọn, bí mo bá fi sílẹ̀ àìsàn ló ń dé." Àwọn ará ilé náà á gbà fún un, nígbà míràn ìyàwó fúnra rẹ̀ ló máa bẹ̀ ẹ́ kó lọ fa ọ̀kan kí àlàáfíà lè jọba. Àìsàn kọ́ ló dé. Ara ló ń béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ onígbèsè, ìyánhànhàn kọ̀ọ̀kan kì í sì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ kó tó rọlẹ̀, yálà èèyàn fa sìgá tàbí kò fà á. Iṣẹ́ oògùn ni láti sọ ọjọ́ mẹ́ta burúkú yẹn di ọjọ́ tó ṣeé fara dà.

Ilé oògùn wo ni kí ẹ yà sí?

Mo ní láti dúró díẹ̀ níbí, torí Àbújá kún fún ilé oògùn, gbogbo wọn kọ́ ló sì jọra. Èyí tó wà ní ojú pópó Mararaba, tí onítọ̀hún jókòó láàárín Paracetamol àti oògùn ibà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní "dókítà", kẹ́mísì nìyẹn. Ìwé àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wà fún títa oògùn tí kò gba ìwé dókítà nìkan, kò sì pọn dandan kó jẹ́ ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ìpoògùn. Èèyàn dáadáa lè jẹ́, ó sì ń ṣe àdúgbò lóore, pàápàá níbi tí ilé ìwòsàn ti jìnnà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjáwọ́ nínú sìgá ju ohun tí wọ́n fi ń nawọ́ kọjá orí kántà.

Fámásì ni ibi tí apòògùn wà, ẹni tó lọ sí yunifásítì fún iṣẹ́ náà, tí Ìgbìmọ̀ Apòògùn Nàìjíríà sì fún ní ìwé àṣẹ tó ń tún ṣe lọ́dọọdún. Ìwé àṣẹ ilé náà àti ti apòògùn máa ń wà lára ògiri. Ẹ wò ó. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé apòògùn wà nílé?" torí ọmọbìnrin tó ń gba owó lè máà jẹ́ apòògùn. Kò sí ìtìjú nínú ìbéèrè yẹn.

Mo fẹ́ràn fámásì fún ìdí mìíràn, ìyẹn àṣírí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà lọ́dún 2012 fi hàn pé nǹkan bí ọkùnrin 10 nínú 100 ló ń lo tábà, obìnrin sì tó nǹkan bí 1. Ẹ wo obìnrin kan yẹn láàárín wa, láwùjọ tí a ti ń wo obìnrin tó ń mu sìgá bí aláìgbọ́ràn, tàbí ọkùnrin tó jẹ́ díákónì, tó ń jẹ swíìtì mẹ́ńtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀ Sunday. Àwọn wọ̀nyí ò ní lọ jókòó sórí ìlà nílé ìwòsàn ìjọba kí nọ́ọ̀sì wá pe orúkọ wọn. Ní fámásì, kò sí káàdì, kò sí ìlà, ẹ sì lè bẹ apòògùn pé kó bá yín sọ̀rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2022 ni ètò ìjọba ti wà tí ilé ìwòsàn fi ń fa aláìsàn tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ lé fámásì àdúgbò rẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n lè máa bá ìtọ́jú náà lọ nítòsí ilé. Lọ́dọ̀ tiwa, owó àpò ara ẹni ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ apòògùn kan náà ni.

Ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín kò le. Iye sìgá tí ẹ ń mu lójúmọ́, àti bó ṣe máa ń pẹ́ tó lẹ́yìn tí ẹ bá jí kí ẹ tó fa ti àkọ́kọ́. Ìbéèrè kejì yìí ló lágbára jù. Ẹni tó ń mu mẹ́jọ péré lójúmọ́, àmọ́ tó ń fa ti àkọ́kọ́ kó tó bọ́jú, bárakú rẹ̀ lè jinlẹ̀ ju ti ẹni tó ń mu méjìlá láti ọ̀sán lọ. Á tún bi yín nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ọkàn, àtọ̀gbẹ, wárápá, oyún, àti gbogbo oògùn mìíràn tí ẹ ń lò. Ẹ má fi àgbo pamọ́ fún un. Ẹ má fi igbó pamọ́ náà, torí ẹni tó ń fi tábà po igbó, tó sì ń sọ pé òun ti fi sìgá sílẹ̀, nikotíìnì ṣì ń wọlé fún un.

Ṣingọ́ọ̀mù kì í ṣe ṣingọ́ọ̀mù

Nínú gbogbo oògùn yìí, èyí tí àwọn èèyàn ń lò lódì jù ni ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì. Wọ́n á fi sẹ́nu, wọ́n á máa rún un wàìwàì bíi Bazooka ìgbà èwe wa, nikotíìnì á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á gbé e mì pẹ̀lú itọ́, inú á máa rú wọn, òsúkè á gbé wọn, wọ́n á ní oògùn náà ò dára. Nikotíìnì tí a bá gbé mì kò wúlò tó bẹ́ẹ̀. Awọ inú ẹnu ló yẹ kó gbà wọlé. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni pé kí ẹ rún un díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi tọ́ ohun kan tó ta bí ata wò. Ẹ dáwọ́ rírún dúró, ẹ fi tì sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì. Bí títa náà bá lọ, ẹ tún rún un díẹ̀, ẹ tún fi tì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ni ẹyọ kan ń gbà.

Ohun kan tún wà tí ìwé inú páálí sọ, tí ó yẹ ká túmọ̀ sí oúnjẹ tiwa. Wọ́n ní kéèyàn má mu ohun tó kan ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú ṣingọ́ọ̀mù àti nígbà tó wà lẹ́nu, torí pé ohun kíkan kì í jẹ́ kí nikotíìnì ráyè wọ awọ ẹnu. Lọ́dọ̀ tiwa ní Òkè Ọya, sóbò nìyẹn, àti kúnú tó ti kan, àti ọsàn, àti kóòkì. Kọfí náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń mu sóbò tútù lọ́sàn-án tó sì ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù lé e lórí ń ju owó rẹ̀ nù ni.

Oríṣi méjì ló wà, mílígíráàmù 2 àti 4. Ẹni tó máa ń fa sìgá àkọ́kọ́ láàárín ìdajì wákàtí tó bá jí, 4 ni tirẹ̀. Ẹni tó bá lè mú sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ, 2 ti tó. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹyọ kan ní wákàtí kan sí méjì. Lẹ́yìn náà a ó máa fà á jìnnà síra títí á fi pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n ń jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta péré lójúmọ́ bí ẹni ń lo oògùn ibà, tí ìyánhànhàn bá wá gbá wọn mú nírọ̀lẹ́, wọ́n á dá oògùn lẹ́bi.

Alẹ̀mára rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ igbá àyà tàbí apá lókè láàárọ̀, ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, kó má sì jẹ́ ojú ibi kan náà. Ẹni tó ń mu ju mẹ́wàá lọ lójúmọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílígíráàmù 21 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, á bọ́ sí 14 fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà 7 fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú ọjọ́ Àbújá ló ń bá alẹ̀mára jà. Nígbà ọyẹ́, gbogbo wa ló ń fi òrí tàbí Vaseline para kí awọ má baà là, alẹ̀mára ò sì ní lẹ̀ mọ́ awọ tó lọ́ràá. Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin tí ooru bá dé, òógùn á tú u. Ẹ fi omi lásán nu ojú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ẹ tó fi òrí pa ibi yòókù. Bí àlá kíkankíkan bá ń dà yín láàmú, ẹ lè ṣí i kí ẹ tó sùn. Èyí tí ẹ bá ṣí, ẹ pa á pọ̀, ẹ jù ú síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ti ní tó o, torí nikotíìnì ṣì kù nínú rẹ̀.

Ṣé a lè lo méjèèjì pọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ìmọ̀ràn tó sì dára jù nìyẹn fún ẹni tí bárakú rẹ̀ jinlẹ̀: alẹ̀mára ń mú ìyánhànhàn wálẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣingọ́ọ̀mù ń gba ti ìṣẹ́jú tó bá dé lójijì, bí ìgbà tí ọ̀gá bá báni wí tàbí tí gosílóò bá há mọ́ni ní Nyanya. Apòògùn ni kó bá yín ṣe ìṣirò rẹ̀.

Àwọn hóró oògùn tí kò ní nikotíìnì nínú náà wà: varenicline, bupropion àti cytisine. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú oògùn nikotíìnì nínú ìtọ́sọ́nà tó gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2024. Varenicline ń jókòó sórí àga tí nikotíìnì máa ń jókòó sí nínú ọpọlọ, tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ fa sìgá, kò ní gbádùn rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ ìjáwọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n sì ń lò ó. Inú rírú ló máa ń fà jù, nítorí náà ẹ jẹun kí ẹ tó mu ún. Bupropion kò yẹ ẹni tó ní wárápá tàbí tó ti ní i rí. Fún ìwọ̀nyí, ìwé dókítà ni kí ẹ mú lọ, kí ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ kẹ́mísì. Cytisine ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀: ara igi ni wọ́n ti ń yọ ọ́, láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n sì ti ń lò ó ní Bulgaria kí ayé tó gbọ́.

Obì, kọfí àti oògùn mìíràn

Bí Yorùbá tó ń gbé Àbújá bá fẹ́ fi sìgá sílẹ̀, ohun tó sábà máa ń nawọ́ sí ni obì. Mallam tó ń ta sìgá náà ló ń ta obì, owó ò tó nǹkan, ẹnu sì ń rí iṣẹ́ ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, kò róorun sùn mọ́, ọkàn ń lù kìkì, ọwọ́ ń gbọ̀n, á ní sìgá tí òun fi sílẹ̀ ló ń jà. Obì ló ń jà o. Káfíínì ló wà nínú obì àti kọfí, èéfín sìgá sì máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára fọ káfíínì dànù. Bí èéfín bá dáwọ́ dúró, ẹ̀dọ̀ á padà sí bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́, káfíínì tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ á sì pẹ́ nínú ara gan-an, ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, bí ẹ bá jáwọ́, ẹ dín obì, kọfí àti tíì mai shai tó le kù sí ìdajì. Orógbó, kànáfùrù tàbí jínjà lè dí ẹnu lọ́wọ́, kò sóhun tó burú níbẹ̀, àmọ́ ẹ má retí pé wọ́n á pa ìyánhànhàn nikotíìnì.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn oògùn kan. Aminophylline tí àwọn alásìmá ń lò, olanzapine àti clozapine tí àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ń lò, gbogbo wọn ló máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ bí èèyàn bá fi sìgá sílẹ̀, ó sì lè dé ìwọ̀n tó léwu. Èéfín ló ń fà á, kì í ṣe nikotíìnì, nítorí náà alẹ̀mára ò ní dènà rẹ̀. Alátọ̀gbẹ tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin náà ní láti máa wo ṣúgà rẹ̀ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Èyí kì í ṣe ìdí láti máa mu sìgá nìṣó. Ìdí ni láti sọ fún apòògùn àti dókítà kí ọjọ́ ìjáwọ́ tó pé.

Ọmọ wa tó ń mu ṣíṣà ní Wuse 2 lálẹ́ Friday á ní òun kì í mu sìgá. Omi inú ìgò ṣíṣà kì í sẹ́ kẹ́míkà èéfín, eèdú tó ń jó lórí rẹ̀ sì ń pèsè carbon monoxide tirẹ̀. Áṣáà ò ní èéfín, ṣùgbọ́n tábà ni, ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu. Àwọn àpò nikotíìnì kéékèèké tí wọ́n ti ń tà ní sùpámákẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú adùn mẹ́ńtà àti èso, àti sìgá oníbátìrì tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé kọ́rùn, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni tà wọ́n fún yín bí oògùn. Kò sẹ́ni tó ṣètò ìwọ̀n wọn fún yín, kò sì sí ọ̀sẹ̀ 12 tí wọ́n máa parí sí. Ohun tí ẹ bá rà ní fámásì, ẹ wo nọ́ḿbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára páálí rẹ̀.

Ní ti owó, mi ò ní parọ́: oògùn yìí wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo fámásì ló ní i lórí àtẹ. Àwọn míì á ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ẹ tẹ̀ wọ́n láago kí ẹ tó wọkọ̀ láti Zuba. Ohun tó ń jẹ́ kí owó rẹ̀ dà bíi pé ó pọ̀ jù ni pé ẹyọ ẹyọ la ń ra sìgá. Òfin Ìdarí Tábà ti ọdún 2015 ti ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá lẹ́yọ, kí páálí má sì dín ní 20, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ wà, ẹ ó rí i pé mallam ò gbọ́. Ẹni tó ń ra mẹ́ta láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, márùn-ún lálẹ́, kò mọ iye tó ń ná. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó sọ pé oògùn wọ́n. Bí owó ò bá sì tó fún alẹ̀mára àti ṣingọ́ọ̀mù pọ̀, ẹ sọ fún apòògùn, á bá yín mú ọ̀kan. Ìmọ̀ràn rẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í sábà gba owó, ó sì ní agbára tirẹ̀, pàápàá bí ẹ bá padà lọ rí i ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹrin.

Oṣù Ramadan jẹ́ àǹfààní tí mi ò rí i kí ọ̀pọ̀ lò dáadáa. Musulumi tó ń gbààwẹ̀ ti fi hàn fún ara rẹ̀ pé òun lè wà fún wákàtí 13 láìfa èéfín. Ìṣòro ni pé lẹ́yìn ìṣínu, sìgá mẹ́rin á tẹ̀ lé ara wọn. Ìgbà ìṣínu yẹn ni ṣingọ́ọ̀mù lè rọ́pò sìgá, torí kò ní bá ààwẹ̀ ọ̀sán jà. Ní ti alẹ̀mára tó wà lára látàárọ̀, ẹ bi àlùfáà yín kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Tí ẹ bá ṣubú ńkọ́? Òde ìyàwó kan ní Garki, ọtí ń ṣàn, ọ̀rẹ́ àtijọ́ na sìgá sí yín, ẹ gbà á. Ẹ má ṣí alẹ̀mára dànù nítorí ẹyọ kan, ẹ má sì sọ pé gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ti ṣòfò. Carbon monoxide ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ yín láàárín ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń ṣàn dáadáa sí i. Ẹyọ kan ò lè dá gbogbo rẹ̀ padà, bí kò bá ti di páálí. Lọ́jọ́ kejì, ẹ padà sí fámásì, ẹ sọ òótọ́. Ohun tí apòògùn máa wò ni ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ni ìyánhànhàn fi ń borí yín, ìwọ̀n oògùn lè kéré jù. Bó bá jẹ́ ìdí ọtí nìkan, á ní kí ẹ fi ọtí sílẹ̀ fún oṣù kan, kí ẹ sì máa mú ṣingọ́ọ̀mù dání lọ sóde. Bí alẹ̀mára àti ṣingọ́ọ̀mù bá ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ sì lò wọ́n bó ṣe yẹ, ẹ gba ìwé lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ó yẹ̀ yín wò bóyá varenicline lè bá yín lára mu.